Òkúta Ọ̀nà Ilé Ìṣọ́

Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Gbogbo ẹni tó bá mọ̀ mí ní Carrigmoyle, ìlú wa létí òkun, mọ̀ pé ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ láàárọ̀ nìyẹn. Attracta, ìyàwó mi, á ní, "Malachy, ẹsẹ̀ ẹ ti ń dùn ọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wó ilé ẹja." Èmi náà á ní, "Wọn ò tíì tún un kọ́ ni ò jẹ́ kó san." Bí a ṣe máa ń kí ara wa káàárọ̀ nìyẹn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni mí, òun pé ọgọ́rin. Kí la tún fẹ́ máa fi kí ara wa?

Ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ni mo ti ń mú àlejò rìn kiri ìlú yìí. Inú ọkọ̀ ẹja ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ayé mi. Nígbà tó yá, ẹja wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí Amẹ́ríkà, títí kan àwọn ọmọ mi méjèèjì, ló bá di pé àlejò nìkan ni nǹkan tó kù tó ń wọlé sí èbúté wa. Mo máa ń pàdé wọn níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já wọn sílẹ̀. A ó gba iwájú ilé ìwẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi ewéko òkun wẹ̀ nínú omi gbígbóná, a ó yà ní kànga ẹni mímọ́, a ó wá gun òkè lọ sí ilé ìṣọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ ilé ìṣọ́ yẹn nítorí ẹ̀rù àwọn ará Faransé. Àwọn ará Faransé ò wá. Màá sọ fún àwọn àlejò pé, "Igba ọdún la fi ń retí wọn, àfi ẹ̀yin la rí." Bí ará Faransé bá wà nínú wọn, ẹ̀rín á sọ. Bí kò bá sí, èmi nìkan á rín tèmi.

Màá sọ ti ọkọ̀ tó kó pákó tó fọ́ sí orí àpáta wa láyé bàbá bàbá mi. Gbogbo ìlú jáde lọ kó pákó. Nígbà tó di ọjọ́ Sunday, Fadá bínú lórí pẹpẹ, ó ní kí gbogbo olè dá ohun tí wọ́n kó padà. Ìgbà tó bínú tán tó jókòó ló wá rí i pé àga òun gan-an, pákó tuntun ni. Màá sọ ti àbùùbùtán tó kú sí etíkun wa lọ́dún tí wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó ọmọ onílé ìwẹ̀, tí òórùn ẹ̀ lé ọkọ ìyàwó padà sí ìlú ẹ̀, tí kò sì padà wá mọ́. Gbogbo ẹ̀ ni mo ní lẹ́nu. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́, àmọ́ ẹnu mi ti mọ ọ̀nà, bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń gbé ewéko òkun lọ sílé láìsí ẹni tó ń dà á.

Nígbà tí a bá gun òkè náà dé ìdajì, bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀. Mo máa ń jókòó. Àwọn àlejò á máa ya fọ́tò òkun, wọ́n á sì máa yin ọ̀nà náà, torí pé òkúta funfun tó tó ìṣù búrẹ́dì la tò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì títí dé ẹnu ilé ìṣọ́. "Ó mà lẹ́wà o," ni wọ́n máa ń sọ. Màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Igun kan náà ni mo máa ń jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì yẹn, níbi tí òkúta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi òsì, tí ìlà pupa kan là á kọjá bí iṣan tó wà lẹ́yìn ọwọ́ arúgbó. Wọ́n rò pé ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ni.

Ní ọjọ́ Thursday kan níbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, Dearbhla, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àlejò, sáré bá mi lẹ́nu èbúté. Ọmọ dáadáa ni, kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ará ìlú ńlá ni, ó fẹ́ ọmọ ibí.

Ó ní, "Bàbá Malachy, ẹ kú oríire! Ẹ ò ní gun òkè mọ́."

Mo ní, "Ṣé wọ́n ti wó ilé ìṣọ́ ni, àbí mo ti kú?"

Ó ní, "Ẹ ò ní pa mí. Wọ́n ti fọwọ́ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bọ́ọ̀sì á máa gbé wọn dé òkè tààrà. Pápá tó wà lẹ́yìn odi yẹn, tẹ́nì kan ò fi ṣe nǹkan kan. Katakata ń bọ̀ ní Monday."

Mo ní, "Pápá wo?"

Mo mọ pápá tó ń wí. Mo kàn fẹ́ kó ṣì í ni.

Kò ṣì í. Ó nawọ́ sí Ibẹ̀ Yẹn.

Orúkọ tá a ń pè é nìyẹn, àwa tá a bí síbí. Ibẹ̀ Yẹn. Pápá kékeré kan ni, igi ẹlẹ́gùn-ún yí i ká, koríko ẹ̀ máa ń dúdú ju ti ibòmíì lọ. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, wọ́n ní iwin ló ń gbé ibẹ̀, ẹni tó bá lọ ṣeré níbẹ̀, wọ́n á gbé e lọ. Kò sí àgbẹ̀ tó fi ohun ìtúlẹ̀ kàn án rí. Ìgbà tí èèyàn bá dàgbà, tó fẹ́yàwó, tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀ sí i, ló tó máa ń mọ̀ pé kì í ṣe iwin.

Láyé ìgbà yẹn, ọmọ tó bá kú kí Fadá tó ṣèrìbọmi fún un, kò gbọ́dọ̀ wọ itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kò sí ní ọ̀run rere, kò sì sí ní ọ̀run àpáàdì. Ibì kan báyìí láàárín méjèèjì ló wà, kò tutù, kò gbóná. Bàbá ọmọ ló máa gbé e nínú àpótí, òun nìkan, kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò ní gba ojú títì. Ẹni tó bá pàdé ẹ̀ lọ́nà, tó rí àpótí lábẹ́ apá ẹ̀, á yíjú sí ògiri títí yóò fi kọjá. Á gbẹ́lẹ̀ ní Ibẹ̀ Yẹn, á mú òkúta funfun kan láti etíkun, á gbé e lé e lórí. Kò ní kọ nǹkan kan sára ẹ̀. Á padà sílé. Kò gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá ọmọ. Wọ́n ní bí ìyá bá mọ ibẹ̀, kò ní dìde lójú ibẹ̀ mọ́.

Èmi náà gbé àpótí. Ó ti di ọdún méjìdínlọ́gọ́ta báyìí. Àpótí tíì ni. Àkọ́bí wa ni.

Ká ní mo dákẹ́ bí àwọn yòókù ti dákẹ́ ni, ìbá sàn. Àmọ́ nígbà tí mo padà dé, Attracta ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì, ojú ẹ̀ tóbi, kò sunkún. Ó ní, "Níbo?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà òtútù ọdún yẹn, erùpẹ̀ sàréè ẹ̀ kò tíì le. Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin kan máa ń jí ọmọ sin sí ẹ̀gbẹ́ sàréè ẹbí. Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Mo ní, "Ó wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Mo rọra gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ojú ẹ̀ wálẹ̀. Ó sùn. Mo rò pé mo ti ṣe ohun rere.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sunday lẹ́yìn Máàsì, bí òjò ń rọ̀, bí afẹ́fẹ́ ń gbé òrùlé lọ, Attracta á lọ kúnlẹ̀ ní sàréè ìyá mi. Á gbin òdòdó. Á fi búrọ́ọ̀ṣì fọ òkúta. Àwọn obìnrin ìlú ní irú ìyàwó ọmọ báyìí ò wọ́pọ̀. Èmi á dúró lẹ́nu géètì, màá máa wo bàtà mi.

Ọ̀rọ̀ òkúta náà tún wà níbẹ̀. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tí ìlú wa wọ ìdíje ìlú tó mọ́ jù lọ. Ọ̀gá iléèwé kan, àjèjì, ló jẹ́ olórí ìgbìmọ̀. Ó gun òkè lọ, ó rí òkúta funfun nílẹ̀ ní Ibẹ̀ Yẹn, inú ẹ̀ dùn. Ó ní ká kó wọn tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ilé ìṣọ́. Ọkùnrin mẹ́jọ la jẹ́ tá a dúró ti bárò wa. Ó ní, "Ta ló ni wọ́n?" A wo ara wa. Mo mọ ẹni tó ní ọ̀kan níbẹ̀ nínú wa, mo mọ ẹni tó ní méjì. Ẹnì kan ìbá ti sọ̀rọ̀. Àmọ́ ohun tá ò sọ fún aya wa, ṣé àjèjì la máa wá sọ ọ́ fún? Colman Gaughan, ọ̀rẹ́ mi, ló dáhùn. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ni wọ́n, Ọ̀gá."

A kó wọn. Àwa fúnra wa la kó wọn. Mo wá èyí tó ní ìlà pupa, èmi ni mo fi bárò mi tì í, mo gbé e síbi tí wọ́n fẹ́ gbé bẹ́ǹṣì sí kí n lè mọ̀ ọ́n. Ipò kejì la gbà nínú ìdíje náà.

Ẹ rí ibi tí mo há sí ní Thursday yẹn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Attracta á mọ̀ pé ọdún méjìdínlọ́gọ́ta lòun ti ń kúnlẹ̀ síbi tí ọmọ òun ò sí. Bí mo bá dákẹ́, katakata á wú ọmọ mi jáde ní Monday, wọ́n á dà á sínú ọkọ̀ pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀.

Mi ò lè jẹun alẹ́. Attracta ní, "Ṣé ẹsẹ̀ náà ni?" Mo ní òun ni.

Ní Friday, mo lọ bá Colman lórí èbúté. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni. Orí àpótí ẹja kan náà ló máa ń jókòó sí lójoojúmọ́, tó ń bú àwọn ẹyẹ òkun.

Ó ní, "Ọkùnrin ìtàn ti dé. Bó bá jẹ́ ti àbùùbùtán lo tún gbé wá, màá bọ́ sínú omi."

Mo ní, "Wọ́n fẹ́ gbẹ́ Ibẹ̀ Yẹn."

Ojú ẹ̀ ò kúrò lára òkun. "Nígbà wo?"

"Monday."

Ó tutọ́ sómi. "Ó ti pẹ́ jù, Malachy. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ ti jẹ ẹ́ tán."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Báwo ló ṣe fẹ́ dá mi lójú? Ohun tí èèyàn máa ń sọ nìyẹn."

Èmi náà jókòó sórí okùn. Mo ní, "O rí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, lẹ́bàá ilé alágbẹ̀dẹ."

"Mi ò rí ẹnì kankan. Ògiri ni mo ń wò."

"Báwo ni ògiri náà ṣe rí?"

"Ó tutù." Ó nu imú ẹ̀. "Àárọ̀ yẹn tutù gan-an. O ò wọ fìlà. Mo fẹ́ bọ́ fìlà mi fún ẹ, àmọ́ a kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta la fi jọ ń jẹ, tá a jọ ń mu, tá a jọ ń wa ọkọ̀ kan náà. Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ fẹnu kàn án.

Ó ní, "Méjì ni tèmi. Wọ́n wà lórí ọ̀nà yẹn, níbi tó ti yà. Mi kì í gun òkè yẹn, o rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe mí."

"Mo mọ̀ pé ọ̀lẹ nìkan kọ́."

"Bríd ìyàwó mi ò béèrè lọ́wọ́ mi rí títí ó fi kú. Mò ń dúró kó béèrè, òun náà ń dúró kí n sọ. Ó wá lọ." Ó yíjú sí mi wàyí. "Tìẹ ṣì ń bó ọ̀dùnkún nílé. Lọ sọ fún un. Àbí ẹnu katakata lo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ?"

Mo ní, "Á pa mí."

"Ó yẹ kó ti pa ẹ́ tipẹ́. Dìde lórí okùn yẹn, o ń jẹ́ kí ó gbóná fún àwọn eku."

Mi ò sọ ọ́ ní Friday. Ní Saturday, mo jí, mo gbá àyíká ilé, mo gé igi tá ò nílò. Nígbà tó di ọ̀sán, Attracta jókòó sídìí tábìlì, ó ń bó ọ̀dùnkún, kábéèjì ń hó lórí iná. Òdòdó aláwọ̀ òféfèé kan wà nínú ìkòkò kékeré lójú fèrèsé, èyí tó fẹ́ gbé lọ sí sàréè lọ́jọ́ kejì.

Mo ní, "Attracta. Ọmọ yẹn."

"Ọmọ wo?"

"Àkọ́kọ́."

Ọ̀bẹ dúró. A ò sọ ọ́ nínú ilé yẹn rí.

Mo ní, "Kò sí lọ́dọ̀ ìyá mi. Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Ibẹ̀ Yẹn ni mo gbé e lọ bí gbogbo èèyàn. Wọ́n sì fẹ́ gbẹ́ ibẹ̀ ní Monday."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀dùnkún. Ó bó o, ó bó o, títí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ fi kéré bí àtàǹpàkò. Ó gbé e sílẹ̀.

Ó ní, "Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta."

Mo ní, "Mo mọ̀."

"O ò mọ nǹkan kan! Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mo fi ń kúnlẹ̀ fún ìyá ẹ. Ìyá ẹ! Tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìkòkò tíì ẹ̀ títí ó fi kú! Tó ní ọwọ́ mi ò mọ búrẹ́dì í yan! Mo ń fọ òkúta ẹ̀, Malachy. Mò ń sọ fún un pé, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e dáadáa, ẹ má jẹ́ kó tutù. Mo dárí jì í! Mo dárí gbogbo ẹ̀ jì í, torí mo rò pé ó ń bá mi gbé ọmọ!"

Mo ní, "Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ nígbà yẹn."

"O sì mọ ti àbùùbùtán."

Ó dìde, ó wọ yàrá. Kábéèjì jóná. Èmi nìkan ni mo jẹ ọ̀dùnkún yẹn. Àwọn àgbà ń sọ ọ́ pé ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ. Èmi ni mo sọ ti Attracta nù, tí mo sì jẹ́ kó rò pé ó kàn kú ni.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí di Sunday. A lọ sí Máàsì, a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa bí àjèjì méjì nínú bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn Máàsì, ó kọrí sí itẹ́ òkú bó ṣe máa ń ṣe. Mo dúró lẹ́nu géètì. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi sàréè ìyá mi, tó fi ọwọ́ wú gbogbo òdòdó tó gbìn síbẹ̀, tó kó wọn sínú àpò ẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ lára. Àwọn obìnrin tó ń kọjá la ẹnu sílẹ̀. Ó padà wá bá mi.

Ó ní, "Mú mi lọ."

A gun òkè yẹn. Ó gbà wá tó wákàtí kan. Èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun kò dúró. Nígbà tá a dé ibi bẹ́ǹṣì, mo nawọ́.

"Òun nìyẹn. Òkúta mi. Wọ́n ní ká kó wọn fún ìdíje, mi ò lè sọ̀rọ̀."

Ó wò ó. Ó wo bẹ́ǹṣì. "Ibi tó o máa ń jókòó sí nìyí."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ẹsẹ̀ kọ́." Ó jókòó sí ibi tèmi, ó gbé ọwọ́ lé òkúta náà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò wò mí. Ó ní, "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Ẹ gbọ́, orí mi fò lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un! Agbẹ̀bí fi aṣọ bò ó, ó gbé e fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Mo ní, "Obìnrin."

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín. "Fintan ni mo ti ń pè é, orúkọ ọkùnrin. Gbogbo Sunday. Fintan, ṣé ara le, Fintan, ẹ̀gbọ́n ni ẹ́ o, àbúrò ẹ ti lọ sí Boston." Ó nu ojú. "Irun ńkọ́?"

"Ó pọ̀. Ó dúdú."

"Bíi ti ta ni?"

Irọ́ ti tó mi. Mo ní, "Bíi ti ìyá mi."

Ó fi àpò òdòdó yẹn gbá mi léjìká, erùpẹ̀ dà sí mi lára. "Obìnrin yẹn," ó ní, "kò ní dẹ̀yìn lẹ́yìn mi."

Bí a ṣe wà níbẹ̀ la gbọ́ ariwo bárò. Colman ló ń bọ̀ wá, ó ti rí wa láti èbúté, tó ń ti bárò òfìfo gun òkè, tó ń bú òkè náà ní gbogbo èdè tó gbọ́. Ìgbà tó dé, ó bọ́ fìlà fún Attracta. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la yí òkúta mi sínú bárò. Ó wúwo ju bó ṣe wúwo lọ́jọ́ kìíní lọ. A tún gbé méjì tirẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti yà. Ó mọ̀ wọ́n láìwò lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Ibẹ̀ Yẹn, mo wá ibi tí mo gbẹ́. Mi ò rí i. Mo ti ka igi ẹlẹ́gùn-ún nígbà yẹn, ìkẹta láti ọ̀dọ̀ odi, àmọ́ igi kan ti kú, òmíràn ti hù. Mo ń lọ síbí, mo ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Attracta dúró, ó ń wò mí.

Ó ní, "Ibí."

Mo ní, "Kò dá mi lójú pé ibẹ̀ ni."

"Ó dá èmi lójú. Ìwọ yan ibi kan lẹ́ẹ̀kan, o yan ọ̀dọ̀ ìyá ẹ. Èmi ló kàn."

Ibẹ̀ la gbé e sí. Ó gbin òdòdó ẹ̀ yí i ká, wọ́n ti rọ, mi ò rò pé wọ́n á yè.

Lọ́jọ́ Monday, mo jí, mi ò rí Attracta lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò rí ọ̀kan nínú àwọn àga ilé ìdáná pẹ̀lú. Ìgbà tí mo fi máa dé òkè, ó ti gbé àga sí àárín ẹnu ọ̀nà Ibẹ̀ Yẹn, ó wọ ẹ̀wù òtútù tó máa ń wọ̀ lọ sí Máàsì, ó gbé àpò lé itan. Bó ṣe gbé àga yẹn gun òkè, mi ò mọ̀ títí dòní. Colman jókòó sórí bárò ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Katakata wà níwájú wọn, ó ń kùn. Enda ló ń wà á, ọmọ-ọmọ Colman, géńdé tó tóbi bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ."

Attracta ní, "Bẹ̀rẹ̀. Èmi lo máa kọ́kọ́ kó."

"Bàbá àgbà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Colman ní, "Èmi kẹ̀? Sọ̀kalẹ̀ wá, ìwọ ọmọ yìí. Sọ̀kalẹ̀, mi ò fẹ́ pariwo. O rí òkúta méjì yẹn? Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ nìyẹn."

Enda rẹ́rìn-ín, ó rò pé àpárá ni. Ó wo ojú bàbá àgbà ẹ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu ẹ̀. Ó padà sórí katakata, ó pa á. Ẹyẹ nìkan la wá ń gbọ́.

Ìgbà tí Dearbhla fi dé, ojú ẹ̀ ti pọ́n, Enda ti pè é. Ó ní, "Bàbá Malachy, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?" Kí n tó dáhùn, ó ní, "Ẹ má dá mi lóhùn." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọ̀gá ẹ̀ lórí fóònù, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. Wọ́n ní kí iṣẹ́ dúró ná, àwọn á rán ẹni tó máa wádìí ilẹ̀ wá. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ìwé ni wọ́n ń kọ síra wọn. Àmọ́ Enda ti wa katakata padà, ó rọra wà á, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

Ní aago mọ́kànlá, bọ́ọ̀sì àlejò dé. Wọ́n pọ̀ tó ogún, wọ́n gun òkè bọ̀ fúnra wọn, torí pé wọn ò bá mi lẹ́nu èbúté. Dearbhla ní òun á dá wọn padà.

Attracta ní, "Má dá wọn padà." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ọkùnrin yìí. O lẹ́nu fún òkú gbogbo ayé. O lẹ́nu fún pákó. O lẹ́nu fún ẹja tó rà. Ó kan tiwa."

Mo dúró níwájú àwọn èèyàn yẹn, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Faransé bí mo ṣe máa ń ṣe, ẹnu mi kọ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò mọ ọ̀nà yẹn. Mo sọ ọ́ bó ṣe wá. Mo sọ ti àpótí tíì, mo sọ ti ògiri, mo sọ ti bárò mẹ́jọ. Mo ní kí wọ́n wo òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, pé wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀kan láti so okùn bàtà ẹ̀ rọra gbé e kúrò. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò.

Ìyá àgbà kan nínú wọn, ó jọ pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá, bi mí pé kí lorúkọ ọmọ náà.

Mo wo Attracta. Ó ń wo òkúta náà láti orí àga.

Ó ní, "Orúkọ ẹ̀ ń bọ̀. Mo ti ṣì í pè fún ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, mi ò kánjú mọ́."

Ìyá àgbà yẹn mi orí, ó jókòó sórí koríko nítòsí ẹ̀, àwọn yòókù náà bá jókòó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi náà jókòó. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. A ò dé ilé ìṣọ́ lọ́jọ́ yẹn.